Ìbọn Afẹ́fẹ́: Ihò Wo Ni Kí A Yàn?

Ọ̀rọ̀ tí a óò sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Kì í ṣe ìbọn ogun, kì í sì í ṣe ti adigunjalè. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, èyí tí àwọn kan fi ń pa ọ̀kẹ́rẹ́ àti àdàbà, tí àwọn mìíràn sì fi ń yìn sí àmì fún ìdárayá.

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo rí gbà lórí ọ̀ràn yìí. Èkíní wá láti ọwọ́ oníṣòwò aṣọ kan tí ó ní oko kòkó, tí ó sì ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé. Ó ní ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ kòkó òun lórí igi, eku sì ń jẹ oúnjẹ adìẹ òun lálẹ́. Ó ní òun ti rí ìbọn afẹ́fẹ́ kan tí ihò rẹ̀ jẹ́ 6.35 mìlímítà, ẹni tí ó fẹ́ tà á fún òun sì ń búra pé bí ihò bá ti tóbi tó ni ìbọn ṣe ń dára tó. Ó ní òun yóò san owó rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀, àti pé ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ni yóò máa gbé e ṣọ́ oko ní ọjọ́ Sátidé. Lẹ́tà kejì wá láti ọwọ́ olùkọ́ kan tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ máa fi ìbọn yìn sí àmì lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó béèrè èyí tí ó lágbára jù, nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìbọn oníhò 5.5, òun sì fẹ́ ju ọ̀rẹ́ òun lọ.

Nítorí oníṣòwò tí ó ti kó owó lé ọwọ́ yìí ni mo ṣe sún ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn. Owó rẹ̀ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ojú ọmọ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju owó lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù tú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí rẹ̀ wá.

KÍ NI IHÒ ÌBỌN?

Ihò tí à ń wí yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní kálíbà. Òun ni fífẹ̀ inú ọ̀pá ìbọn, níbi tí ọta ń gbà jáde. Nínú àwọn ìbọn afẹ́fẹ́ tí à ń tà ní ọjà ayé, mẹ́rin ni ó lórúkọ. Èyí tí ó kéré jù ni 4.5 mìlímítà, tí a tún ń kọ báyìí: .177. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá pín íǹṣì kan sí ọ̀nà 1,000, ihò náà gba 177 nínú rẹ̀. Èkejì ni 5 mìlímítà tàbí .20, èyí tí kò wọ́pọ̀. Ẹ̀kẹta ni 5.5 mìlímítà, tí í ṣe .22. Ẹ̀kẹrin ni 6.35 mìlímítà, tí í ṣe .25, èyí tí í ṣe ìdámẹ́rin íǹṣì gan-an. Àwọn tí ó tóbi ju ìwọ̀nyí lọ wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹran ńlá ni a ṣe wọ́n fún, wọn kò kàn wá lónìí.

Lójú, ìyàtọ̀ 4.5 sí 5.5 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá mi wò ó. Ojú ihò kì í fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlà tí a fà la àárín rẹ̀ já. Nígbà tí a bá sọ ìlà náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ni a ń mọ̀ ọ́n. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, a óò rí i pé ojú ihò 5.5 fi ìdajì ju ti 4.5 lọ, ti 6.35 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti 4.5. Ìyẹn ni pé ọgbẹ́ tí ọta 6.35 ń dá sí ara ẹran fẹ̀ tó ìlọ́po méjì èyí tí 4.5 ń dá. Níhìn-ín ni ẹni tí ń ta ìbọn fún oníṣòwò wa ti sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni ó sọ.

IHÒ KÌ Í ṢE AGBÁRA

Agbára ìbọn afẹ́fẹ́ kò sí ní ihò rẹ̀. Ó wà ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Nínú irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní ọ̀dọ̀ wa, a ó ká ọ̀pá ìbọn wálẹ̀, sípíríǹgì kan nínú rẹ̀ yóò sì ká jọ. Bí a bá fi ìka fà á, sípíríǹgì náà yóò tú, yóò ti afẹ́fẹ́ síwájú, afẹ́fẹ́ yóò sì ti ọta jáde. Irú kejì ní àgbá kékeré kan tí a ti fi pọ́ǹpù rọ afẹ́fẹ́ sí kí a tó jáde nílé. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ìwọ̀n títì kan ni ìbọn náà lè ti ọta.

Ẹ̀yin oníṣòwò ni ọ̀rọ̀ yìí yé jù. Bí ọkọ̀ kan bá ru àpò ìrẹsì 10 gun òkè, yóò sáré. Bí ọkọ̀ kan náà, ẹ̀rọ kan náà, bá ru àpò 50, yóò máa wọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọta. Ọta 4.5 fúyẹ́, ọ̀pọ̀ wọn wọ̀n tó bí ìdajì gíráàmù. Ọta 5.5 ń lọ sí gíráàmù kan. Ọta 6.35 ń ju gíráàmù kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tó gíráàmù kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbọn mẹ́ta tí agbára wọn dọ́gba ṣe àpẹẹrẹ. Kí a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára júùlù 16, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tí òfin England fi àyè gbà fún ìbọn afẹ́fẹ́ tí kò gba ìwé àṣẹ níbẹ̀. Ọta 4.5 tí ó wọ̀n gíráàmù 0.54 yóò jáde pẹ̀lú eré mítà 243 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta 5.5 tí ó wọ̀n 0.97 yóò sá mítà 182. Ọta 6.35 tí ó wọ̀n 1.3, tí í ṣe èyí tí ó fúyẹ́ nínú irú rẹ̀, yóò sá mítà 157 péré.

Kí ni èyí já sí? Gbogbo ohun tí a bá sọ ni ilẹ̀ ń fà wálẹ̀. Bí ọta bá ṣe pẹ́ lójú ọ̀nà tó ni yóò ṣe wálẹ̀ tó. Bí a bá na ìbọn gbọọrọ sí ohun tí ó wà ní mítà 30, tí a kò tilẹ̀ ka bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dí ọta lọ́wọ́, kí ọta 4.5 tó dé ibẹ̀ yóò ti sọ̀ kalẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 ààbọ̀. Ti 5.5 yóò sọ̀ kalẹ̀ tó 13. Ti 6.35 yóò tó 18. Nítorí náà, ẹni tí ó gbé ìbọn ihò ńlá tí kò lágbára níláti mọ ọ̀nà jíjìn dáadáa kí ó tó fà á. Bí ó bá ka mítà 30 sí 25, orí ọ̀kẹ́rẹ́ ni ó fojú sùn, ṣùgbọ́n ikùn tàbí ẹsẹ̀ ni ọta yóò bà.

Òfin tí ó wà nínú rẹ̀ rèé, kí ẹ kọ ọ́ sí ìwé yín: ìbọn tí agbára rẹ̀ kéré, ihò kékeré ni ó yẹ ẹ́, ìbọn tí agbára rẹ̀ pọ̀ nìkan ni ó lè ru ihò ńlá. Ní Jámánì, fún àpẹẹrẹ, ìbọn afẹ́fẹ́ tí àgbàlagbà lè rà láìgba ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ ju júùlù 7.5 lọ. Ẹni tí ó bá ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀, 4.5 ni kí ó mú. Ihò 6.35 kò dára fún ìbọn tí agbára rẹ̀ kò bá tó júùlù 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni a ṣe ń mọ agbára ìbọn? Ẹ mú ìwọ̀n ọta ní gíráàmù, ẹ fi eré rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá fi 2,000 pín in. Gíráàmù 0.54, ní ọ̀nà 243, ní ọ̀nà 243, tí a fi 2,000 pín, júùlù 16 ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún eré tí wọ́n ń kọ sí ara páálí. Ọta tí ó fúyẹ́ jù ni àwọn kan fi ń wọn eré náà kí nọ́ńbà rẹ̀ lè ga. Bí ọta bá sì ń sáré ju ìró lọ, tí í ṣe bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ó máa ń dún pàà, ó sì lè máa gbọ̀n lójú ọ̀nà, kò sì ní lọ tààrà. Eré nìkan kò tó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nǹkan ìṣeré ni ìbọn afẹ́fẹ́. Ní nǹkan bí 1780 ni ọmọ ogun Ọ́sítríà gba ìbọn afẹ́fẹ́ tí Girardoni ṣe, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ogun. Nígbà tí Lewis àti Clark rin ìrìn àjò wọn la Amẹ́ríkà já láti 1804 sí 1806, ìbọn afẹ́fẹ́ kan wà lọ́wọ́ wọn. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ.

FÚN ẸNI TÍ Ń YÌN SÍ ÀMÌ

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ tí ó kọ lẹ́tà kejì kò le. Ihò 4.5 ni kí ó rà, kí ó má sì wo ẹ̀yìn. Láti 1984, nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì wáyé ní Los Angeles, ni wọ́n ti ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ yìn sí àmì ní mítà 10 níbẹ̀, ihò 4.5 sì ni gbogbo wọn ń lò. Ojú àmì àárín tí ó ní máàkì 10 kò ju ìdajì mìlímítà lọ, kò tóbi ju àmì ìdánudúró tí à ń fi bírò kọ sí ìparí gbólóhùn. Ẹni tí ń yìn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò wá ọgbẹ́ ńlá. Ọta tí ó lọ tààrà ni ó ń wá. Òjé tí ó wà nínú ọta 4.5 kò tó ti 5.5, nítorí náà owó rẹ̀ sábà máa ń rọjú díẹ̀, ẹni tí yóò bá sì yin 100 ọta láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lápò.

Ọta tí orí rẹ̀ tẹ́jú ni kí ó lò fún àmì, nítorí ó máa ń gé ihò róbótó sára páálí, kò ní sí àríyànjiyàn lórí máàkì. Kí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tàbí àpótí tí ó kún fún iyanrìn sì wà lẹ́yìn àmì náà. Ẹ má ṣe fi àmì kọ́ ara ògiri búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta, nítorí ọta òjé a máa ta padà. Mo mọ ọmọkùnrin kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń yìn sí agolo tí ó gbé ka orí òkúta. Ọta kan bá òkúta, ó ta padà, ó sì bọ́ sí ojú ọ̀tún ọmọ náà tí ó jókòó tí ó ń wòran. Ojú kan ni ó fi ń kàwé títí di òní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fojú sùn ún. Agolo ni ó fojú sùn.

FÚN ẸNI TÍ Ń PA ẸRAN KÉKERÉ

Ìlú tí mo ti ń kọ́ni ní bàbá ọdẹ kan tí ó ti fi ṣakabùlà dọdẹ láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì bi í léèrè ohun tí ó rò nípa ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbé kiri.

Mo ní, “Bàbá, ṣé ìbọn kékeré yẹn lè pa ẹran ní tòótọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, bí a gún iyán nínú odó, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Ibi tí ó ti bà á ni kí o bi mí.”

Mo ní, “Bàbá, bí ó bá wá ba ẹran tí kò kú ńkọ́?”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ẹran tí o bá yìn tí kò kú, o ti jẹ ẹ́ ní gbèsè. O kò gbọdọ̀ wá nǹkan mìíràn yìn títí ìwọ yóò fi rí i san. Ẹni tí kò bá lè san gbèsè yẹn, kí ó má yá a.”

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni ó yẹ kí a fi yan ihò ìbọn. Ibi tí ọta fi lè pa ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí àdàbà lójú ẹsẹ̀ ni orí rẹ̀ tàbí ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, ibẹ̀ kò sì tóbi. Nínú ọ̀kẹ́rẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọta 4.5 ń lọ tààrà, ó sì rọrùn láti fi bá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì díẹ̀, ó lè la ara ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́, kí ẹran náà sì sá wọ igbó lọ kú ní ọjọ́ kejì. Ọta 5.5 kò yá tó o, ṣùgbọ́n ó wúwo, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀, ó ń fi èyí tí ó pọ̀ nínú agbára rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹran. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ń yan 5.5 fún ẹran kékeré, tí àwọn ayàmì sì ń yan 4.5.

Nítorí náà, fún ọ̀kẹ́rẹ́, àdàbà, àparò, òkété àti ehoro, bí ìbọn bá ní agbára tó bí júùlù 16, 5.5 ni mo fara mọ́, láàárín mítà 15 sí 30. Ohun tí ó bá ju mítà 35 lọ, kí a jẹ́ kí ó máa lọ. Ọ̀yà, ẹtu àti irú wọn kì í ṣe ẹran ìbọn yìí rárá, ihò yòówù kí ó ní. Bí agbára ìbọn bá kéré sí èyí, kí a mú 4.5, kí a sún mọ́ ẹran, orí nìkan ni kí a sì máa yìn.

Kí ẹ tó na ìbọn sí ohun ẹlẹ́mìí kankan, ẹ kọ́kọ́ dán ara yín wò. Ẹ fa òbìrí kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan sára páálí. Ẹ lọ sí ibi jíjìn tí ẹ fẹ́ máa ti yin ẹran, kí ẹ yin ọta márùn-ún. Bí márààrún kò bá bọ́ sínú òbìrí náà, ẹ sún mọ́ ọn títí wọn yóò fi bọ́ sí i. Ibi tí wọ́n bá ti bọ́ sí i ni òpin ìdọdẹ yín, ìbáà jẹ́ mítà 12 péré. Ẹ ra oríṣi ọta méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ dán wọn wò, nítorí ìbọn méjì tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe lè má fẹ́ ọta kan náà. Fún ẹran, ọta tí orí rẹ̀ rí róbótó ni ó sábà máa ń lọ tààrà jù.

ÀWỌN OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A GBÀGBÉ

Ọta tí ó bá ihò mu nìkan ni kí a lò. Ọta 4.5 yóò já bọ́ kúrò nínú ọ̀pá 5.5, ọta 5.5 kò sì ní wọ 4.5. Àwọn ọmọ kan máa ń ki òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ìṣó sí i. Wọ́n ń ba inú ọ̀pá ìbọn jẹ́ ni. Ẹ má sì ṣe fa ìbọn onísípíríǹgì láìsí ọta nínú rẹ̀. Ọta ni ó ń dí afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà, bí kò bá sí, irin inú ìbọn yóò máa kọ lu ara wọn.

Òjé ni ọ̀pọ̀ ọta, òjé sì jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọmọdé. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti fi wá wúrà pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọdé. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa fi ọta há ẹnu bí àwọn télọ̀ ṣe ń fi ẹnu há abẹ́rẹ́. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá yìnbọn tán, kí ẹ sì gé ẹran tí ó wà yí ojú ọgbẹ́ ká dànù kí ẹ tó sè é.

Eku tí a bá pa nínú ilé adìẹ kì í ṣe ẹran jíjẹ. Àrùn Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, ara eku ni ó ti ń ran ènìyàn. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga.

ÒFIN ŃKỌ́?

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tí a ṣe ní 1959, ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà àwọn ọlọ́pàá. Kò sọ pé ihò kékeré bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kan náà sọ pé a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 17 ní ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Nítorí náà, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí a kọ́kọ́ lọ béèrè, kí a tó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ san owó, tí ó wá ń wá ìwé lẹ́yìn, ó ti fi ẹ̀yìn ṣe iwájú.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Ìlú Ọba náà, kí wọ́n fi etí sí i. Ohun tí ó tọ́ ní England lè má tọ́ ní Scotland: láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 2016, ni Scotland ti ń béèrè ìwé àṣẹ fún ìbọn afẹ́fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ki ìbọn sínú àpótí aṣọ kí ó fi ṣe ẹ̀bùn wá fún bàbá rẹ̀ nílé. Wàhálà ni yóò gbé wá.

ÌDÁHÙN MI

Ọ̀gá mi oníṣòwò, ẹ má ì san owó yẹn. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku kò nílò ihò 6.35. Ẹ béèrè agbára ìbọn náà ní júùlù lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á; bí kò bá lè sọ ọ́, kò mọ ohun tí ó ń tà. Ẹ lọ gba ìwé àṣẹ, kí ẹ wá ra 5.5 tí agbára rẹ̀ tó bí júùlù 16. Fún eku, ẹ má ṣe yìn nínú ilé adìẹ tí a fi páànù bò. Pàkúté àti agolo oúnjẹ tí ó ní ìdérí yóò ṣe iṣẹ́ náà sàn ju ìbọn lọ. Ní ti ọmọ yín, ọdún mẹ́ta ṣì kù kí ó tó pé ẹni tí òfin lè fún ní ìwé. Ẹ máa mú un dání lọ sí oko kí ó máa wo bí ẹ ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbọn lé e lọ́wọ́ kí ó dá lọ. Oko kòkó ní àwọn alágbàṣe, ó ní àwọn obìnrin tí ń ṣẹ́gi, ewé sì máa ń bo ènìyàn mọ́lẹ̀.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, 4.5 ni tìrẹ, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn àmì, àti ìwé àṣẹ lórúkọ ẹni tí ó ni ìbọn.

Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, gba páálí kan, fa òbìrí íǹṣì kan sí i, kí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ pàdé ní mítà 25, níbi tí kò léwu. Ẹni tí ó bá kó márùn-ún sínú òbìrí ni ó ju èkejì lọ. Kò sí ihò ìbọn tí a lè fi owó rà tí yóò ṣe èyí fún ọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní ìbéèrè, kí ó kọ ọ́ sí mi kí ó sì kọ ọ́ kedere. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣe ohun tí ojú wa yóò fi ṣòfò.